Kédárì funfun inú ìkòkò: gbòǹgbò kọ̀ọ̀kan ló ní ẹ̀ka tiẹ̀

Ọdún kọkànlá rèé tí igi yìí ti wà lọ́wọ́ mi. Láàárọ̀ òní mo jókòó tì í fún bíi wákàtí méjì, mi ò gé ewé kan, mi ò fi wáyà kan kàn án, mo kàn ń yí ìkòkò ẹ̀ díẹ̀díẹ̀, mò ń fi ìka tọ èèpo ẹ̀ láti ìdí gbòǹgbò lọ sókè títí màá fi kan ẹ̀ka. Bí mo ṣe máa ń ṣe nìyẹn kí n tó fọwọ́ kan sísọ́ọ̀sì, ó wá sí mi lọ́kàn pé mi ò tíì kọ ìdí tí mo fi ń ṣe bẹ́ẹ̀ síbì kankan rí. Àwọn tó ń bi mí nípa bọ́nsáì kédárì funfun, ìyẹn igi tá a ń tọ́ nínú ìkòkò kó lè kéré síbẹ̀ kó jọ igi àgbà, ti pọ̀, ìbéèrè wọn sì jọra: kí ló dé tí ẹ̀gbẹ́ kan igi mi kú nígbà tí ẹ̀gbẹ́ kejì ń tutù yọ̀yọ̀? Ó dáa, ẹ jókòó, ọ̀rọ̀ náà gùn díẹ̀.

Orúkọ kọ́kọ́ ná. Kédárì tá a mọ̀ nínú Bíbélì, ti Lẹ́bánónì tí wọ́n fi kọ́ tẹ́ńpìlì Sólómọ́nì, kì í ṣe èyí, wọn ò tiẹ̀ jọ jẹ́ ọmọ ìyá. Èyí ni Thuja occidentalis, orúkọ tí Linnaeus, onímọ̀ nípa ewéko, fún un lọ́dún 1753, ẹbí sípírẹ́sì ló wà, ewé ẹ̀ kì í ṣe bí abẹ́rẹ́, ó dà bí ìpẹ́ ẹja kéékèèké tó to lé ara wọn, tí gbogbo ẹ̀ wá tẹ́ pẹrẹsẹ bí abẹ̀bẹ̀. Ẹ fi abẹ̀bẹ̀ yẹn sọ́kàn, a máa padà sí i. Ilé ẹ̀ ni apá ìlà oòrùn Amẹ́ríkà ti Àríwá: Ontario ní Kánádà níbi tí mo wà yìí, Québec, Maine, Vermont, títí lọ dé Michigan àti Minnesota. Ẹ máa rí i nínú àbàtà tí omi dúró sí, ẹ tún máa rí i lórí àpáta tí kò ní iyẹ̀pẹ̀ tó kún ọwọ́, igi kan náà ni.

Wọ́n tún ń pè é ní arborvitae, igi ìyè. Láàárín 1535 sí 1536 ni yìnyín ká Jacques Cartier, atukọ̀ ará Faransé, àtàwọn èèyàn ẹ̀ mọ́ Stadacona, ibi tó di ìlú Québec lónìí, àrùn tí àìsí fítámì C máa ń fà bẹ̀rẹ̀ sí í pa wọ́n, èèyàn bíi 25 ló bá a lọ kó tó di pé Domagaya, ọmọ onílẹ̀, fi igi kan hàn wọ́n tí wọ́n ń se ewé àti èèpo ẹ̀ mu, ara wọn sì yá. Annedda ni wọ́n ń pe igi ọ̀hún. Ọ̀pọ̀ gbà pé kédárì funfun ni, àwọn kan ní igi mìíràn ni, àmọ́ orúkọ igi ìyè ti lẹ̀ mọ́ ọn. Àwọn Ojibwe, tí wọ́n jẹ́ ọmọ onílẹ̀ náà, ń pè é ní giizhik, ó wà lára oògùn mímọ́ mẹ́rin tí wọ́n ní, igi ẹ̀ fúyẹ́, kì í tètè jẹrà, òun ni wọ́n fi ń ṣe egungun ìhà ọkọ̀ ojú omi wọn tí wọ́n ń fi èèpo igi birch ṣe. Ní Grand Portage, Minnesota, ọ̀kan dúró lórí àpáta létí Lake Superior, ọ̀kan lára àwọn adágún ńlá, tí wọ́n ń pè ní Manidoo-giizhikens, ara ẹ̀ lọ́ bí ìgbà téèyàn bá fún aṣọ tútù. Èèyàn ò lè dá rìn lọ síbẹ̀, àfi kí ọmọ onílẹ̀ mú un lọ, ó sì yẹ bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá ti rí fótò ẹ̀ ti rí ohun tí gbogbo àwa tó ń tọ́ kédárì nínú ìkòkò ń lé.

Níbí ní Ontario, a ní Niagara Escarpment, ògiri àpáta tó gùn tó kìlómítà 725 láti Queenston dé Tobermory. Kédárì kúkúrú kúkúrú pọ̀ lójú àpáta náà, ó ti pẹ́ táwọn èèyàn ti ń kọjá lábẹ́ ẹ̀ tí wọ́n sì rò pé igi tí ebi ń pa lásán ni, àfi nígbà tó di ìparí àwọn ọdún 1980 tí Doug Larson àtàwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ ní University of Guelph ka òrùka inú wọn, èyí tó ń sọ iye ọdún igi. Àwọn kan ti lé lẹ́gbẹ̀rún ọdún. Ẹgbẹ̀rún ọdún o! Igi tẹ́nikẹ́ni á rò pé ọmọ àná ni. Wọ́n tiẹ̀ rí kédárì kan lórí àpáta lágbègbè àwọn adágún ńlá yìí tó jẹ́ pé lẹ́yìn ọdún 155, gíga ẹ̀ ò ju nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 10 lọ. Tí ẹnikẹ́ni bá ní kédárì funfun ò lè ṣe bọ́nsáì, ìyẹn ni mo máa ń sọ fún un, pé àpáta ti ń ṣe é ká tó dé.

Àmọ́ ohun tó mú mi dákẹ́ nígbà tí mo kà á ni ti aró. Àwọn ará Guelph yìí fi omi aró sí gbòǹgbò, wọ́n wá ń wo ibi tó máa gbà nínú ara igi. Ẹ máa rò pé ó máa tàn ká gbogbo ẹ̀. Rárá. Aró inú gbòǹgbò kan, ojú ọ̀nà tóóró kan ló gbà lọ sókè, ó gba ibẹ̀ lọ sí ẹ̀ka tó jẹ́ ti gbòǹgbò yẹn, ó fi ìyókù sílẹ̀. Ìyẹn ni pé igi yìí dà bí ìdì ìgbálẹ̀, ẹ ń wò ó bí ohun kan ṣùgbọ́n ọwọ̀n ìgbálẹ̀ kọ̀ọ̀kan dá wà láyè tiẹ̀. Tí àpáta bá ya lulẹ̀ tó sì já gbòǹgbò kan, ọ̀nà kan yẹn ló máa gbẹ, àti ẹ̀ka tó wà lórí ẹ̀, àwọn tó kù á máa bá ayé wọn lọ. Bí wọ́n ṣe ń lo ẹgbẹ̀rún ọdún nìyẹn, wọ́n ń kú níwọ̀nba níwọ̀nba, wọn ò kú tán.

Mi ò mọ ìkankan nínú ẹ̀ nígbà tí mo gbé tèmi wálé.

Bàbá olóko kan ló fún mi. Etí ọgbà ẹ̀ ni igi náà wà, wọ́n fẹ́ gbé katakata wá ro gbogbo ibẹ̀, bàbá ní kí n wá hú èyí tí mo bá fẹ́ kí katakata tó dé. Ó ti wà níbẹ̀ tipẹ́, ẹran ti ń já a jẹ lọ́dọọdún, ìdí ẹ̀ nípọn tó apá mi, gíga ẹ̀ kò dé orúnkún. Ìbẹ̀rẹ̀ ìgbà ìrúwé ni, ilẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń yọ́, ìyẹn sì ni àsìkò tó dáa jù láti hú u torí gbòǹgbò ń múra àtijí. Mo gbé e sínú àpótí pákó tí mo fi pumice, òkúta fífúyẹ́ tó ní ihò wẹ́wẹ́, kún, mo bomi rin ín, mo fi sílẹ̀ fún odindi ọdún méjì láì gé nǹkan kan lára ẹ̀. Ìyẹn nìkan ni mo ṣe tó bójú mu láàárín ọdún mẹ́ta àkọ́kọ́.

Ọdún kẹta, mo fẹ́ kó wọ ìkòkò. Gbòǹgbò kan wà lápá òsì, ó nípọn bí àtàǹpàkò, ó nà jáde gbọọrọ, kò jẹ́ kí igi jókòó dáadáa. Mo wò ó pé gbòǹgbò wẹ́wẹ́ tó kù pọ̀ rẹpẹtẹ, ìdajì ẹ̀ tiẹ̀ tó igi yìí jẹ. Mo mú ayùn, mo gé e. Igi ò sọ̀rọ̀. Ó rúwé, gbogbo nǹkan dáa, inú mi dùn. Nígbà tó di oṣù kẹjọ, ẹ̀ka tó tóbi jù lára ẹ̀, èyí tí mo ti ń fọkàn kọ́ gbogbo àwòrán igi náà lé lórí, bẹ̀rẹ̀ sí í pọ́n bí ewé tí oòrùn jó, ó di bíi wúrà, ó wá di pípọ́n dúdú. Mo fi omi kún omi, mo tún dín in kù, mo fín oògùn kòkòrò, mo gbé e lọ sábẹ́ ìbòòji, mo gbé e padà. Ẹ̀ka kúkú gbẹ pátápátá. Ìyókù igi ń dán gbinrin, kò tiẹ̀ ṣe é bíi pé nǹkan kan ṣẹlẹ̀.

Ìgbà tí ìgbà òtútù kọjá ni mo rí i pé èèpo ti ń ṣí láti ojú ibi tí mo ti gé gbòǹgbò yẹn, ó fẹ̀ tó ìka méjì, ó gba ara igi gòkè, ó yí díẹ̀ sí ẹ̀yìn, ó sì parí sí abẹ́ ẹ̀ka tó kú. Ojú ọ̀nà kan ṣoṣo, láti gbòǹgbò dé ẹ̀ka, bí ẹni fi rúlà fà á. Ó dùn mí gan-an, ó dùn mí torí pé ọwọ́ mi ló ṣe é. Lẹ́yìn ìyẹn ni mo wá ka ti aró, mo wá padà síwájú igi náà, mo dúró síbẹ̀.

Torí náà tí igi yín bá kú ní ẹ̀gbẹ́ kan, ẹ má kọ́kọ́ wá àrùn. Ẹ wo ìdí ẹ̀. Ẹ bi ara yín pé gbòǹgbò wo ni mo gé, tàbí èwo ló jẹrà nítorí omi tó dúró lábẹ́, tàbí èwo ni òtútù bà jẹ́ ní etí ìkòkò. Ìdáhùn máa ń wà níbẹ̀ nígbà púpọ̀.

Bá a ṣe ń mọ ọ̀nà yẹn kò le. Èèpo kédárì máa ń là tóóró tóóró láti ìsàlẹ̀ sókè, àwọn ìlà yẹn sábà máa ń bá ọ̀nà omi rìn. Tí ara igi bá lọ́, ọ̀nà náà lọ́, kí ẹ má wá rò pé gbòǹgbò òsì ẹ̀ka òsì ló ń bọ́ o, ti tèmi yìí gbòǹgbò tó wà níwájú ló ń bọ́ ẹ̀ka tó wà lẹ́yìn lápá ọ̀tún, mo fi ìka tọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹta kí n tó gbà. Lórí igi tó ti dàgbà, ọ̀nà tó bá ń ṣiṣẹ́ dáadáa máa ń wú jáde díẹ̀ bí iṣan apá, ibi tó ti ń kú á wọnú. Èmi máa ń ya àwòrán ẹ̀ sínú ìwé kékeré kan, gbòǹgbò yìí sí ẹ̀ka yìí, kí n tó tú igi kúrò nínú ìkòkò, torí tí iyẹ̀pẹ̀ bá ti bo ọwọ́ èèyàn tán tí gbòǹgbò sì ń gbẹ, kò sí àyè àròjinlẹ̀ mọ́. Láàárín ọdún mẹ́ta sí márùn-ún ni mo máa ń pààrọ̀ ìkòkò, ní ìgbà ìrúwé, mi ò sì ń gé ju ìdá mẹ́ta gbòǹgbò lọ, kì í ṣe ìdá mẹ́ta láti ẹ̀gbẹ́ kan o, díẹ̀ díẹ̀ láti ọ̀dọ̀ gbogbo wọn. Gbòǹgbò ńlá tí mo bá fẹ́ yọ, mo máa ń gé e dé ìdajì lọ́dún yìí, kí ó rú gbòǹgbò wẹ́wẹ́ sẹ́yìn, èyí tó kù di ìgbà mìíràn.

Ó dáa, ti gbòǹgbò nìyẹn. Ewé wá ńkọ́?

Ohun táwọn èèyàn ń sọ ni pé kédárì funfun ò ṣe é tún ṣe, pé ewé ẹ̀ le, ó tóbi, kì í dì bíi ti jùnípà, igi mìíràn tí wọ́n ń fi ṣe bọ́nsáì. Mo gbà pé kì í ṣe jùnípà. Àmọ́ mo rò pé ohun tó ń ṣẹlẹ̀ ni pé wọ́n ń tọ́jú ẹ̀ bíi jùnípà, wọ́n ń já ṣóńṣó orí ewé ẹ̀ kiri, abẹ̀bẹ̀ yẹn á wá máa nípọn léteetí, òjìji ẹ̀ á bo inú, ewé inú á kú, lẹ́yìn ọdún mẹ́rin márùn-ún ẹ ní ẹ̀ka gígùn tó hòhò láti ara igi títí dé ìpẹ̀kun, ìdìpọ̀ ewé kékeré wá wà ní ṣóńṣó ẹ̀ lọ́hùn-ún bí ìrù kìnnìún. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti bàjẹ́, torí kédárì kì í sábà rú láti ara igi tó ti gbó tí kò ní ewé mọ́. Ẹ̀ka yẹn náà dá wà, kò sẹ́ni tó máa yá a léwé. Ibi tó ti ń rú tìfẹ́tìfẹ́ ni oríta, ibi tí ẹ̀ka kékeré ti yà lára ẹ̀ka ńlá tí ewé díẹ̀ ṣì wà níbẹ̀. Ẹ sún mọ́ ọn kí ẹ wò, ẹ máa rí ewé tó kéré bí orí abẹ́rẹ́ tó ń yọ níbẹ̀. Ìyẹn ni ọrọ̀ igi yìí. Ewé tó wà ní ṣóńṣó, èyí tó ń wu ojú, ti òní ni, ti oríta ni ti ọdún mẹ́wàá sí i.

Kékeré la ti ń pẹ̀ka ìrókò, bẹ́ẹ̀ náà ni ti kédárì.

Bí mo ṣe ń gé e rèé. Mo máa ń dúró kí èyí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ nà tán kó sì le díẹ̀, ìyẹn máa ń tó ìparí oṣù kẹfà wọ oṣù keje níbí. Mi ò ń fi èékánná já a. Mo máa ń mú sísọ́ọ̀sì ẹlẹ́nu tẹ́ẹ́rẹ́, mo máa gbé abẹ̀bẹ̀ kan dání, mo máa wá èyí tó gùn jù láàárín ẹ̀, ọ̀gá wọn, mo máa gé e ní oríta gan-an, kí n má fi kùkùté sílẹ̀. Tí ọ̀gá bá ti lọ, àwọn tó wà lọ́tùn-ún lósì á gba agbára, abẹ̀bẹ̀ ńlá kan á di abẹ̀bẹ̀ kéékèèké méjì mẹ́ta, lọ́dún tó ń bọ̀ ẹ tún ṣe bẹ́ẹ̀, á tún pín. Lẹ́yìn náà mo máa yọ gbogbo èyí tó dorí kodò lábẹ́, mo máa yọ èyí tó gùn lé ẹlòmíì lórí tó ń dí i lójú. Òkè igi lágbára ju ìsàlẹ̀ lọ, torí náà òkè ni mo ti ń gé jù, ẹ̀ka tó wà nísàlẹ̀ pátápátá nígbà mìíràn mi ò ní kàn án rárá lọ́dún yẹn. Tí mo bá parí, mo máa ń wò láti òkè, oòrùn gbọ́dọ̀ lè kan ìdí ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan, tí ilẹ̀ inú ìkòkò bá ṣókùnkùn biribiri, mi ò tíì ṣe tán.

Ẹ má sì jẹ́ kí ìgbà ìwọ́wé dẹ́rù bà yín. Lọ́dọọdún ní oṣù kẹsàn-án kẹwàá, ewé inú tó ti pé ọdún méjì mẹ́ta máa ń pọ́n ó sì máa ń já. Ó máa ń rí bíi pé igi ń kú láti inú. Kì í ṣe ikú, bó ṣe ń bọ́ aṣọ ọdún nìyẹn. Ohun tó yẹ kí ẹ fi mọ ìyàtọ̀ ni pé ti ìgbà ìwọ́wé máa ń wà kárí igi, ti gbòǹgbò tó kú máa ń mú ọ̀nà kan ṣoṣo. Nígbà òtútù gan-an gbogbo ewé á wá di àwọ̀ bàbà, àwọn ẹlòmíì sì máa ń pariwo, á padà di àwọ̀ ewé tí ooru bá dé. Ti kòkòrò ni kí ẹ máa ṣọ́: òmíràn wà tí ìdin ẹ̀ máa ń wọnú ewé lọ jẹ ẹ́, ṣóńṣó ewé á gbẹ, á dà bí ìwé tí iná lá, ihò tóńtó máa wà níbẹ̀ tí ẹ bá gbé e sí oòrùn. Èyí ẹ gé e dà nù kí ẹ sun ún.

Wáyà tá a fi ń darí ẹ̀ka síbi tá a fẹ́ gba sùúrù. Igi kédárì máa ń fò padà. Ẹ tẹ ẹ̀ka ẹ̀ sílẹ̀, ẹ fi wáyà dè é fún oṣù mẹ́fà, ẹ tú u, láàárín ọ̀sẹ̀ méjì ó ti padà sí bó ṣe wà tẹ́lẹ̀. Tèmi máa ń pẹ́ ju ọdún kan lọ, mo kàn ń tú u tó bá fẹ́ jẹ èèpo, mo sì tún dè é gba ibòmíràn. Ẹ̀ka tó ti nípọn léwu, torí igi yìí máa ń là gbọọrọ lójú kan, ìdí tí wọ́n fi ń là á ṣe ọgbà oko láyé àtijọ́ nìyẹn, ẹ fi okùn ráfíà tútù wé e dáadáa kí ẹ tó tẹ̀ ẹ́, kí ẹ sì máa fà á wálẹ̀ díẹ̀díẹ̀, ọ̀sẹ̀ yìí díẹ̀, ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ díẹ̀. Abẹ̀bẹ̀ kéékèèké náà ń fẹ́ wáyà. Wọ́n máa ń fẹ́ dúró lóòró, bí ẹni gbé àwo dúró, ó máa ń mú kí igi rí jákujàku, ṣùgbọ́n tí ẹ bá fi wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ yí ọrùn wọn kí wọ́n fi ẹ̀yìn lélẹ̀, gbogbo igi á balẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Mo máa ń fi ọjọ́ mẹ́ta gbáko ṣe ìyẹn, mi ò kánjú, òun ni mo fẹ́ràn jù nínú gbogbo iṣẹ́ yìí.

Ojú ọ̀nà tó kú lára tèmi ńkọ́? Mi ò fi pamọ́. Mo bó èèpo ẹ̀ kúrò, mo fi ọ̀bẹ tọ inú igi bó ṣe lọ, mi ò gbẹ́ ẹ gba ibi tí ara ẹ̀ ò bá lọ, nígbà tó gbẹ nínú oòrùn mo fi lime sulphur, oògùn olómi tó ń sọ igi gbígbẹ di funfun, kùn ún. Ó wá di funfun bí eegun, ó ń gba iwájú igi gòkè, ó sì yí lọ sẹ́yìn, ẹ̀ka tó kú náà ṣì wà níbẹ̀, mo gé e kúrú, mo yọ ẹnu ẹ̀ ṣóńṣó. Ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì ara tó wà láàyè ti ń wú bọ̀, lọ́dọọdún ó ń ga sí i. Ohun kan ni mo máa ń kì yín nílọ̀ nípa ẹ̀: ibi tó kú tó bá kan iyẹ̀pẹ̀ máa ń rọ̀, bí wọ́n ṣe ní kédárì kì í jẹrà tó, ọ̀rinrin ojoojúmọ́ máa rí i jẹ. Mo máa ń fi òkúta wẹ́wẹ́ yí ibẹ̀ ká, kí ewédò má hù dé ibẹ̀. Ẹni tó bá sì fẹ́ dá ibi tó kú sílẹ̀ fúnra ẹ̀ kó jọ ti àpáta, kó yan ẹ̀ka tó fẹ́ yọ tẹ́lẹ̀, kó tọ ọ̀nà ẹ̀ wálẹ̀, kó bó o ní tẹ́ẹ́rẹ́, tó bá di ọdún kejì kó fẹ̀ ẹ́ sí i. Ṣíṣe é lẹ́ẹ̀kan náà, àá máa gbàdúrà ni.

Omi: ó fẹ́ràn omi ju jùnípà lọ, ẹ má jẹ́ kó gbẹ kankan, àmọ́ omi gbọ́dọ̀ rí ọ̀nà jáde. Oòrùn: kó rí i dáadáa, ó lè fara da ìbòòji ṣùgbọ́n ewé ẹ̀ á gùn á sì fẹ́lẹ́. Omi líle tó ní ẹfun nínú kò bí i nínú, lórí òkúta ẹfun náà ló ń gbé.

Ìgbà òtútù lẹ́yìn ìta ló ń wà o, ẹ má gbé e wọlé. Ó nílò òtútù yẹn láti sùn. Igi fúnra ẹ̀ le gan-an, gbòǹgbò inú ìkòkò ni kò le tó bẹ́ẹ̀, torí náà mo máa ń gbé ìkòkò sórí ilẹ̀ lásán, níbi tí afẹ́fẹ́ ò ti ní fẹ́ ẹ, mo kó èèpo igi àti ewé gbígbẹ yí i ká, yìnyín á wá bò ó, yìnyín yẹn gan-an ni kúbùsù ẹ̀. Mo sì fi wáyà ọgbà ká gbogbo ẹ̀ mọ́, torí àgbọ̀nrín àti ehoro ò ní nǹkan mìíràn tí wọ́n fẹ́ràn tó ewé kédárì nígbà tí ilẹ̀ bá funfun. Ọ̀rẹ́ mi kan jí láàárọ̀ ọjọ́ kan, iṣẹ́ ọdún mẹ́jọ ti wà nínú ikùn àgbọ̀nrín.

Àwọn tó ń bi mí bóyá kí wọ́n ra ti ọgbà tí wọ́n ti ń ta igi, bẹ́ẹ̀ ni, ẹ rà á, òun ni mo máa ń kọ́kọ́ ní kí èèyàn fi kọ́ ọwọ́. Smaragd, irú kédárì funfun kan tí wọ́n fi ń ṣe ọgbà ilé kiri, Denmark ni wọ́n ti ṣẹ̀dá ẹ̀, ó dúró gbọn-in, ewé ẹ̀ dúró lóòró gan-an, ó máa gba wáyà púpọ̀, àmọ́ ìdí ẹ̀ máa ń dáa nígbà míì tí ẹ bá gbẹ́ iyẹ̀pẹ̀ kúrò. Tó bá sì jẹ́ ti inú igbó, ẹ gba àṣẹ lọ́wọ́ ẹni tó ni ilẹ̀. Èyí tó wà lójú àpáta, ẹ jọ̀ọ́, ẹ wò ó, ẹ ya fótò ẹ̀, ẹ kọjá lọ. Igi tó ti wà níbẹ̀ láti ìgbà tẹ́nikẹ́ni nínú wa ò tíì jẹ́ nǹkan kan, gbòǹgbò ẹ̀ wà nínú ihò àpáta, kò sí bẹ́ ẹ ṣe máa fà á jáde tí ọ̀nà ẹ̀ ò ní já, ẹ ti mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ tí ọ̀nà bá já.

Mo ní mo jókòó tì í láàárọ̀ òní. Ẹ̀ka kejì lápá ọ̀tún ni mò ń wò, ó ti gùn jù, ọdún mẹ́ta ni mo ti fẹ́ gé e wọlé ṣùgbọ́n kò sí ewé kankan nítòsí ara igi tí mo lè gé e dé. Mo ti ń ṣí i lójú fún oòrùn láti ọdún tó kọjá, mo yọ gbogbo ohun tó wà lókè ẹ̀. Nígbà tí mo yí ìkòkò dé ẹ̀yìn tí ìmọ́lẹ̀ wọlé láti ẹ̀gbẹ́, mo rí i ní oríta tó sún mọ́ ara igi jù, ewé méjì, wọn ò tó orí abẹ́rẹ́, àwọ̀ ewé tuntun. Mo wo gbòǹgbò tó ń bọ́ ọ, òun náà wà níbẹ̀, ó nípọn, mi ò tíì fọwọ́ kàn án rí. Mo gbé sísọ́ọ̀sì padà sínú àpótí. Ó di ọdún méjì sí i.